Àkísà Bàbá Bùráímọ̀ àti Dátábéèsì Ìyìọlá

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan. Ta ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n máa ń pa pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé wọ́n kàn fi àkísà ṣe àpèjúwe ìrírí ni, àbí? Irọ́ ni o! Àkísà gidi ni. Àkísà tó wà nínú àpò, tó ń rùn díẹ̀. Ilé ìránṣọ kan ní ìlú Ìdí-Ọsàn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ojú sì tì jù nínú rẹ̀, Ìyìọlá ni. Ẹni tó bá ní òwe yìí ti wà kí wọ́n tó bí Ìyìọlá, ẹ sọ fún un kó fara balẹ̀, kó jẹ́ kí n parí ìtàn mi.

Ìyìọlá yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Orí rẹ̀ pé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ yá ju orí lọ. Kò jókòó níwájú olùkọ́ kọ̀ǹpútà kankan rí. Fóònù ló kọ́ ọ. Bó bá jí láàárọ̀, kó tó fomi ṣẹnu, ó ti wo fídíò méjì. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fóyèkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Fóyèkẹ́ ló ni ilé ìránṣọ tó tóbi jù ní Ìdí-Ọsàn: máṣíìnì mẹ́jọ, pẹ̀lú tábìlì ìgéṣọ kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: èjìká báyìí, àyà báyìí, apá báyìí. Ìwé ọ̀hún di mọ́kànlélógójì. Bí oníbàárà kan bá dé, wọ́n á ṣí ìwé títí ọ̀fun á fi gbẹ.

Ìyìọlá ní, "Àǹtí, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbé gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà."

Ó wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó tì í sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó ní sáfà ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí á máa tọ́jú nǹkan pamọ́ fún gbogbo ilé. Ó gbé dátábéèsì sínú ẹ̀, ìyẹn ìwé ńlá tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé bó o bá ti pe orúkọ ẹnì kan, ìwọ̀n rẹ̀ á ti jáde kó o tó ṣẹ́jú. Dátábéèsì náà kò sì kàn sùn sílẹ̀ gbalaja o. Inú kọ̀ntéénà ló wà. Ẹ má rò ó sí kọ̀ntéénà tó ń ti ẹ̀yìn òkun bọ̀. Ẹ rò ó bí àpótí tí dátábéèsì ń gbé inú ẹ̀, tí àpò ẹrù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó o bá fẹ́, wàá gbé àpótí kúrò, wàá gbé òmíràn síbẹ̀, ẹrù á ṣì wà nínú àpò.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ṣiṣẹ́! Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́. Àwọn ìwé mọ́kànlélógójì yẹn wá di ìdọ̀tí lójú Ìyìọlá. Òun fúnra ẹ̀ ló rù wọ́n lọ sí ìkòríta, ó kó wọn fún Ìyá Ráfátù tó ń ta ẹ̀pà díndín àti róbó, pé kó máa fi dì í fáwọn èèyàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn pàtẹ́wọ́. Bàbá Bùráímọ̀ ni. Bàbá ló kọ́ Àǹtí Fóyèkẹ́ níṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kò lè wa máṣíìnì mọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tí á máa gán bọ́tìnì. Àpò ìrẹsì kan wà lábẹ́ àga ẹ̀ tó kún fún àkísà bámúbámú. Ẹ gbọ́ bí àkísà yẹn ṣe jẹ́. Bàbá kò gba téèpù gbọ́. Aṣọ àkọ́kọ́ tó bá rán fún ọ láyé ẹ, á ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára àjẹkù ẹ̀, á nà án sí ọ lára, á fi òwú pupa gán an lẹ́ẹ̀kan síbi tí èjìká ẹ parí sí, á gán an lẹ́ẹ̀mejì fún àyà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún apá. Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti di ìwọ nìyẹn. Bó o bá sanra, á tú òwú, á tún un gán.

Ìyìọlá ló sọ ọ́ ní Bàbá Alákìísà. Kì í sọ ọ́ lójú ẹ̀ o, ẹ̀yìn ló ti ń sọ ọ́. Àmọ́ etí Bàbá mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká da àpò yìí nù? Eku ló ń bímọ síbẹ̀."

"Eku tó ń bímọ síbẹ̀, ṣé ó ti jẹ ìwọ̀n tìẹ rí?"

"Ìwọ̀n tèmi wà nínú sáfà, Bàbá."

"Ó dáa. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ sáfà."

Bí eruku bá sì bo sáfà, kí ni Ìyìọlá máa ń ṣe? Á na ọwọ́ sábẹ́ àga Bàbá, á fa àkísà kan yọ, á fi nu sáfà, á sì jù ú síbi tó bá bọ́ sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn méjìlélọ́gọ́ta, kálukú pẹ̀lú kóòtù aláwọ̀ aró. Ààrẹ wọn ni Tíṣà Fádípẹ̀, tó kọ́ Ìyìọlá ní kíláàsì kẹrin, tó fa etí ẹ̀ nígbà náà débi pé etí òsì ṣì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fóyèkẹ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá.

Ẹ wò ó, mo gbọ́dọ̀ sọ àṣà Ìdí-Ọsàn fún yín níbí. Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ni télọ̀ ń wọ̀n ọ́n fún aṣọ kan. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, káfíńtà ló ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ẹ mọ ohun tí káfíńtà ń wọn àgbà fún. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí Àǹtí Fóyèkẹ́ fi dìde níwájú gbogbo tíṣà nínú ìpàdé wọn, tó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kọ̀ǹpútà ti gbà á, kò sì ní gbàgbé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ìyìọlá. Ó tẹrí ba bí ọkọ ìyàwó. Bàbá Bùráímọ̀ náà tẹ̀ lé wọn lọ pẹ̀lú àpò ẹ̀. Bí Àǹtí bá ti wọn ẹnì kan, kó tó ká téèpù nílẹ̀, Bàbá á ti fa àkísà ẹni yẹn yọ, á fi tọ ojú ọ̀nà kan náà, á tú òwú, á tún un gán. Àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣeré ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aṣọ dé. Àǹtí ní aago mọ́kànlá lòun máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé, torí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ. Ìyìọlá jókòó ti sáfà ẹ̀, ó ń wo fóònù. Nínú gúrúùpù Wáàsáàpù àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn pé dátábéèsì nọ́ńbà wo ni kálukú ń lò. Bí àwọn tó ṣe é bá ti tún un ṣe, nọ́ńbà ẹ̀ á gòkè; Kẹrìndínlógún ló gbòde. Ìyìọlá, Kẹtàlá ló wà.

Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kẹtàlá? Ṣé dátábéèsì bàbá bàbá ẹ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ojú tì í. Ìtìjú àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó kéré jù. Ó wo aago. Ó ní, "Wákàtí méjì? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi ṣe é!"

Ó ṣí fídíò kan. Ọkùnrin inú fídíò náà ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyìọlá yí i kó máa sáré ní ìlọ́po méjì. Síbẹ̀ kò yá tó lójú ẹ̀. Ó fò láti ìṣẹ́jú kẹta lọ sí ìkẹsàn-án. Ó ṣí fáìlì kọ̀ntéénà, ó pa mẹ́tàlá rẹ́, ó kọ mẹ́rìndínlógún. Ó ya àwòrán ẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì: "Ilé ìránṣọ wa ń gòkè àgbà lónìí!" Ó tẹ bọ́tìnì.

Àpótí tuntun dìde. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú. Ó tún dìde, ó tún ṣubú. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ohun tí ó sì sọ kò ju èyí lọ: "Ẹrù tó wà nínú àpò yìí, Kẹtàlá ló dì í. Èmi Kẹrìndínlógún kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

Ẹ̀yin tèmi, ibí yìí ló yẹ kó ti padà! Kò tíì sí ohun tó bàjẹ́! Kó kàn kọ mẹ́tàlá padà, kó bẹ Kẹtàlá pé, "Bàbá, ẹ bá mi tú ẹrù yín síta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan," kí Kẹrìndínlógún wá dì í lọ́tun ní ìlànà tirẹ̀. Fídíò yẹn sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kẹrin. Ṣùgbọ́n ta ló rí ìṣẹ́jú kẹrin? Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni Ìyìọlá wà, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà sì ti ń sọ pé, "Ní báyìí tí ẹrù ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè da àpò àtijọ́ nù." Ní eré ìlọ́po méjì yẹn, "ẹ da àpò àtijọ́ nù" nìkan ló wọ Ìyìọlá létí.

Ó dà á nù.

Kẹrìndínlógún dìde wàyí, kò ṣubú mọ́, ó ń tàn yanran bí abọ́ tuntun. Ìyìọlá fò sókè. Sítátọ́ọ̀sì: "Kẹrìndínlógún ti wọlé! Ìdí-Ọsàn, ẹ gbọ́ o!" Ó fi àwòrán iná méje tì í. Èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́jọ ló rí i kí aago mọ́kànlá tó lù. Tíṣà Fádípẹ̀ pàápàá fèsì: "Oríire, ọmọ mi. Èyí ni èrè ẹ̀kọ́."

Àǹtí Fóyèkẹ́ na aṣọ sórí tábìlì, ó gbé sísọ́ọ̀sì. "Ìyìọlá, bá mi pe Tíṣà Fádípẹ̀ jáde. Ọ̀dọ̀ ààrẹ la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ìyìọlá tẹ Fádípẹ̀. Kò sí. Ó tún un tẹ̀, ó fi àmì sórí ẹ̀, ó yọ àmì kúrò. Kò sí. Ó tẹ orúkọ tíṣà mìíràn. Kò sí. Ó tẹ orúkọ ara ẹ̀, Ìyìọlá. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé mọ́ tónítóní, kò sí ẹrù, kò sí ènìyàn.

"Ó ti jáde?"

"Ó... ó ń bọ̀, Àǹtí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Ṣebí ìwọ lo ní kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé abẹ́ tábìlì ló wà?"

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára Ìyìọlá láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá. Ó wá rántí bákọ́ọ̀pù. Á à! Lójoojúmọ́ ni sáfà ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwọ̀n yẹn, tó sì ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́! Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ibo ló ń tọ́jú ẹ̀ sí? Ó rò ó. Ó tún un rò. Inú àpò kan náà ni. Àpò tó dà nù. Ẹ̀yin tèmi, ọmọkùnrin yìí tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí sínú àpótí, ó sì ju àpótí sódò.

Ó yẹ kó jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ni, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀."

Àǹtí wò ó. "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká gé àpò kóòtù ná. Àpò ò ní àyà."

Ìyìọlá yọ́ jáde, ó sáré dé ìkòríta. "Ìyá Ráfátù, ẹ kú ọjà o. Àwọn ìwé tí mo kó fún yín níjọ́sí ńkọ́?"

"Háà, Ìyìọlá! Ìwé yẹn dára o! Kò jẹ́ kí òróró jò. Ṣé o ṣì ní òmíràn?"

"Ẹ ò ní èyí tó ṣẹ́ kù?"

"Ó lè ku bíi mélòó kan lára èyí tí mo dì láàárọ̀ yìí. Wá a níbẹ̀."

Bí ọmọ ọkùnrin ṣe jókòó sí ìkòríta lọ́sàn-án gangan nìyẹn, tó ń ra ẹ̀pà, tó ń tú ẹ̀pà, tó ń da ẹ̀pà sílẹ̀. Àwọn adìyẹ àdúgbò kò jẹ irú ẹ̀ rí. Lẹ́yìn ẹ̀pà mẹ́tàdínlógún, ó rí ewé kan ṣoṣo. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Àyà, mẹ́rìnlélógójì. Èjìká," òróró róbó ti jẹ ìyókù. Kò sí orúkọ. Ó kù kí ó máa bọ́ síta láàárín ìlú, kó máa pariwo pé ta ló ni àyà mẹ́rìnlélógójì.

Ìtìjú kì í jẹ́ kí èèyàn ronú dáadáa. Ìyìọlá ní, "Bí mi ò bá lè wọ̀n wọ́n lójú, màá wọ̀n wọ́n lẹ́yìn." Ó mú òwú kan sápò, ó gba ilé Tíṣà Fádípẹ̀ lọ. Ó bá Tíṣà níwájú ilé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó sì dì mọ́ Tíṣà.

Ẹnu ya Tíṣà. Láti ogójì ọdún tó ti ń kọ́ ọmọ, kò sí ọmọ tó dì mọ́ ọn rí. "Ìyìọlá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, sà. Ìfẹ́ yín ni, sà." Ó sì ń fi ìka ka ẹ̀yìn Tíṣà lábẹ́lẹ̀: ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì kò pàdé, ó ku ìka mẹ́ta. Ó fọwọ́ kan dì í mú síbẹ̀, ó fi ìkejì fa òwú yọ, ó ń nà án lọ láti èjìká Tíṣà dé ọrùn ọwọ́.

"Kí ni okùn yẹn ń wá lápá mi?"

"Eṣinṣin ni, sà."

"Eṣinṣin tó gùn báyìí?" Tíṣà wolẹ̀, ó rí òwú. Ojú ẹ̀ yí padà. "Fóyèkẹ́ ti wọ̀n mí níjọ́sí. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé! Ta ló rán ọ? Ta ló sọ fún ọ pé mò ń kú lọ?"

"Rárá o, sà..."

"Màmá Bísọ́lá! Ẹ jáde! Wọ́n ti wá wọ̀n mí fún pósí!"

Ìyàwó Tíṣà jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló yọ Ìyìọlá. Bó ṣe ń sá lọ, ó na apá méjèèjì síwájú bí ẹni gbé ìkòkò tí kò sí, torí kò fẹ́ kí ìwọ̀n àyà tó rí gbà yẹn bọ́ nù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan rí i lọ́nà, ó rò pé òun ló fẹ́ dì mọ́, ó sáré wá, ó dì mọ́ ọn. Ìwọ̀n àyà Tíṣà Fádípẹ̀ lọ nìyẹn. Ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kù sí i lápá.

Kó tó dé ilé ìránṣọ, ìròyìn ti ṣáájú ẹ̀. Fóònù Àǹtí Fóyèkẹ́ kò sinmi. Tíṣà mẹ́sàn-án ti pè, wọ́n ń bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ilé ìránṣọ ẹ̀ ti ń kan pósí, pé kóòtù yẹn gan-an, ṣé ti ayẹyẹ ni àbí ti ìsìnkú.

Àǹtí gbé fóònù sílẹ̀. "Ìyìọlá, ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í kan pósí?"

Ìyìọlá dọ̀bálẹ̀ láàárín àjẹkù aṣọ. "Àǹtí, ó ti lọ."

"Kí ló lọ?"

"Gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo dà á nù. Mo fẹ́ gbé e gòkè ni."

Máṣíìnì mẹ́jọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbá dára kí Àǹtí pariwo. Kò pariwo. Ó kàn gbé sísọ́ọ̀sì lé orí aṣọ, ó jókòó. "Mo dìde níwájú àwọn òbí wa," ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, "mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ́ orúkọ yìí. Kí n kàn dá aṣọ wọn padà fún wọn ni."

Ìyìọlá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó dojú bolẹ̀, kò lè gbé orí. Ìgbà yẹn ló gbọ́ tí ẹnì kan fi eyín gé òwú.

"Fóyèkẹ́," Bàbá Bùráímọ̀ ní, "ta lo kọ́kọ́ fẹ́ gé?"

Ó ti fa àpò ìrẹsì yọ lábẹ́ àga. "Mú téèpù rẹ wá, kó o máa ka ohun tí mo bá nà. Ìwọ, Kẹrìndínlógún, dìde nílẹ̀, jókòó ti ẹ̀rọ ẹ, kó o máa kọ."

Ẹ̀yin tèmi, ẹ ò rí nǹkan! Bàbá kò wo ìwé, kò wo orúkọ. Á fọwọ́ pa àkísà kan, á ní, "Tíṣà Ọlátẹ́jú rèé. Aṣọ tó fi gba owó oṣù àkọ́kọ́." Á na àkísà, òwú pupa á sọ èjìká, á sọ àyà, á sọ apá. Á fa òmíràn. "Tíṣà Mọ́dínátù. Oyún ìbejì ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí mo rán èyí. Mo ti tú òwú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin." Ìyìọlá ń kọ, ojú ń tì í, ó ń kọ. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, wọ́n ti kọ ọ̀kanlélọ́gọ́ta.

Ó ku ẹyọ kan.

"Ti Fádípẹ̀ dà?" Bàbá ń tú ìdí àpò. "Aláwọ̀ ewé ni, onílà funfun. Mi ò lè sọ ọ́ nù. Aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ ni."

Ìyìọlá rántí. Aláwọ̀ ewé, onílà funfun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn sáfà, ó fa nǹkan dúdú kan jáde tí eruku ti bò. Bàbá gbà á, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sójú fèrèsé. Kò sí òwú pupa kankan mọ́ lára ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Ìyìọlá ti fi nu sáfà títí gbogbo ẹ̀ fi tú.

Bàbá ní, "Ara ẹ̀ rèé. Ọkàn ẹ̀ ti jáde." Ó gbé e padà lé Ìyìọlá lọ́wọ́. "Bíi ti ẹ̀rọ ẹ yẹn náà."

Ì bá tiẹ̀ bú u!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyìọlá tún gba ilé Tíṣà Fádípẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé téèpù kọ́rùn ní gbangba, ó sì di àkísà mú lọ́wọ́. Ìyàwó Tíṣà ti di ìgbálẹ̀ mú kó tó wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jẹ́wọ́ tán kó tó dìde. Kò fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un.

Tíṣà yọ fóònù. Ó ṣí sítátọ́ọ̀sì àná, ó nà án sí i lójú, iná méje ń jó níbẹ̀. "Oríire tí mo kí ọ yìí," ó ní, "dá a padà fún mi."

"Mo dá a padà, sà."

"Ó wọlé. Wàyí, wọn kì í wọn àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe, tí kò bá sí nínú ìwé nígbà tí mo bá wò ó, kí ni mo máa ń fún un?"

"Òdo, sà."

"Òdo ló gbà. Àkọ́kọ́ yẹn kò kà. Wá wọ̀n mí, ẹ̀ẹ̀kan náà la ṣì wà." Ó na apá. Nígbà tí téèpù dé àyà ẹ̀, ó rẹ orí sílẹ̀, ó di etí òsì Ìyìọlá mú pẹ̀lẹ́. "Ní Sátidé ayẹyẹ, ìwọ fúnra ẹ lo máa dúró níwájú wa, tí wàá sọ ohun tó o ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ò bá kà sókè, kò tíì mọ̀ ọ́n."

Sátidé pé. Kóòtù méjìlélọ́gọ́ta jókòó nínú gbọ̀ngàn, wọ́n bá ara mu régérégé, kò sí èyí tó fún, kò sí èyí tó dẹ̀. Tíṣà Fádípẹ̀ pe Ìyìọlá síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa fólíúmù àti kọ̀ntéénà àti fẹ́ṣàn.

Tíṣà Mọ́dínátù ké láti ẹ̀yìn: "Sọ Yorùbá, ọmọ!"

Ó la ẹnu. Kò rí ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹnu ẹ̀ yá ju orí lọ, kò rí ọ̀rọ̀! Ó ń wo ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá Bùráímọ̀ wá dìde ní ẹ̀gbẹ́ Àǹtí Fóyèkẹ́, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn àga.

"Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Ọmọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Aṣọ ẹ̀ pọ̀ bíi tèmi. Bó bá wọ Kẹtàlá lónìí, á wọ Kẹrìndínlógún lọ́la. Àkísà nìkan ni kò tíì ní."

Ẹ̀rín bú! Kóòtù méjìlélọ́gọ́ta ń mì. Àǹtí Fóyèkẹ́, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, di ikùn mú. Ìyìọlá náà rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú ẹ̀.

Tíṣà Fádípẹ̀ fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyìọlá, tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o sì pariwo kó dé ẹ̀yìn." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo kíláàsì gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ, wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ. Ẹ̀yin tèmi, ohun tí tíṣà méjìlélọ́gọ́ta bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá jẹ́ irọ́ pàápàá, á di òwe!

Ìyìọlá ńkọ́? Ó ṣì wà níbẹ̀. Bó ti ń ṣe ẹ̀dà ìwọ̀n sínú sáfà, ó ń ṣe òmíràn sínú kọ̀ǹpútà ilé Àǹtí. Lópin ọ̀sẹ̀, á tún ṣe ẹ̀kẹta sínú fúláàṣì kékeré kan. Fúláàṣì yẹn, ó wé e sínú àkísà aláwọ̀ ewé onílà funfun, ó fi òwú pupa gán an yíká, ó gbé e fún Bàbá pé kó bá òun fi sínú àpò ìrẹsì.

Bàbá gbà á, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó fẹsẹ̀ ti àpò padà sábẹ́ àga.

"Ẹyọ kan," ó ní. "Ó ku ẹgbẹ̀rún."

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ má ṣe mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọgbọ́n ìjìnlẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àga ẹ̀ ná, bóyá àpò kan wà níbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kódà kó jẹ́ Kẹrìndínlógún, kò lè ní àkísà bí àgbà.